Ẹ Má Fi Kẹ́míkà Pa Ẹ̀lú Ẹ̀bá Ọ̀nà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá, nígbà tí àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ igbó ẹ̀bá ọ̀nà fún dé àdúgbò wa, tí wọ́n pọn táńkì kẹ́míkà sẹ́yìn, tí wọ́n sì fọ́n ọn sí gbogbo ewéko láti etí títì títí dé ìdí kòkó. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ẹ̀lú, ewé tí a fi ń ṣe aró, tí a ti ń já láti ìgbà èwe mi, ti gbẹ dé gbòǹgbò.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kò mọ ẹ̀lú mọ́. Igi kékeré tí ó máa ń fà mọ́ igi mìíràn ni, ẹbí kan náà ni òun pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹ̀pà, òdòdó rẹ̀ tí ó ń so jọ ní ìṣùpọ̀ sì jọ ti ẹ̀wà bí èèyàn bá sún mọ́ ọn wò ó. Ẹni tí ó bá já ọ̀mùnú rẹ̀, tí ó rún un lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ kí ó gbẹ, yóò rí i tí ó ń dúdú bí aró. Lonchocarpus cyanescens ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é tipẹ́. Ohun tí ó ń di aláwọ̀ aró ni ọ̀rọ̀ Látìn kejì yẹn túmọ̀ sí.

Aláró ni ìyá mi àgbà. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀lú yọ ọ̀mùnú, a ó já a kún agbọ̀n, wọn á gún un lódó, wọn á ṣù ú róbótó, wọn á sì sá a sóòrùn. Eérú igi àti ti èèpo kòkó ni wọ́n ń dà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, tí wọ́n gbé ka orí òmíràn. Omi tí wọ́n bá bù lé eérú náà á máa kán sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ní pípọ́n bí omi tíì. Inú omi yìí ni ẹ̀lú yóò wà fún ọjọ́ mélòó kan, wọn á sì máa gbóòórùn rẹ̀, wọn á máa fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó sọ pé aró ti dé. Aṣọ tí wọ́n bá fà yọ nínú rẹ̀ kì í dúdú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ó máa ń gbé jáde, àfi ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò máa di aró lójú wa níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé aró òyìnbó wà lọ́jà. Òótọ́ ni. Láti ọdún 1897 tí ilé-iṣẹ́ BASF ti Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí a fi kẹ́míkà ṣe, ọwọ́ àwọn aláró ti ń kúrò lára ẹ̀lú, nítorí pé ti òyìnbó kò gba gígún, n kò sì bá ẹni tí ó ń lò ó jà. Ṣùgbọ́n aró ẹ̀lú ni àwọn àgbà wa fi ń pa òwú etù, ìyẹn aṣọ òkè aláwọ̀ aró, tí wọ́n ń rì í bọ inú ìkòkò léraléra títí yóò fi dúdú bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ. Bí ọmọ kan bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ́la, níbo ni yóò ti já ewé?

Gígé kọ́ ni mo ń bá wí. Èyí tí àdá gé lẹ́yìnkùlé wa lọ́dún méjì sẹ́yìn ti sọ padà, ó sì ti yọ ọ̀mùnú. Kẹ́míkà tí ó ń gba ojú ewé wọ gbòǹgbò ni kì í jẹ́ kí ó sọ mọ́. Mo bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé irú iṣẹ́ yìí fún pé àdá ni kí wọ́n lò.

Ìdí ẹ̀lú méjì péré ni ó kù ládùúgbò wa. Mo ti so màrìwò mọ́ wọn, kí ẹni tí ó bá tún pọn táńkì wá lè mọ̀ pé wọ́n ní olówó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ aláró kan,
Ìjẹ̀bú-Igbó.