Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wa, ẹ gbọ́ o

Ní Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ìlànà Espirito Santo Trophy la máa fi gbá gọ́ọ̀fù. Ìdíje àgbáyé àwọn obìnrin tí kì í gbá a fún owó ni, ilẹ̀ Faransé ló sì ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1964. Ẹni mẹ́ta ló wà nínú ikọ̀ kan, àmọ́ èsì ẹni méjì tó dára jù la máa kà. Ihò 72 ni tiwọn, ọjọ́ mẹ́rin. Tiwa ò ju 18 lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni kẹta má ṣe túra sílẹ̀! Lọ́dún 2022, Sweden àti Amẹ́ríkà parí ní ọgbọọgba. Èsì tí wọn ò kà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi yà wọ́n, Sweden sì gba ife. Kódà, bó ku ẹsẹ̀ bàtà kan péré kí bọ́ọ̀lù yín wọ ihò, ẹ fara balẹ̀ wò ó kẹ́ ẹ tó gbá a.

Kí orúkọ dé ọwọ́ akọ̀wé kó tó di Ọjọ́rú.