Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń ya fọ́tò létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo ti rí àwọn fọ́tò tó o fi ránṣẹ́. O ní kí n má wulẹ̀ yìn ọ́, kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Inú mi dùn sí ìbéèrè yẹn gan-an. "Ó mà rẹwà o" tí gbogbo ilé ń sọ fún ọ, ìfẹ́ ni, má kọ̀ ọ́. Àmọ́ kò tíì kọ́ ọ ní nǹkan kan.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìyá tó ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́jà Olúwo. Ìpẹ́ epìyà lẹ̀ mọ́ wọn lápá títí dé ìgúnpá, oòrùn àárọ̀ bọ́ sórí ẹ̀, ó ń dán bí owó ẹyọ tuntun. O sún mọ́ wọn dáadáa. Ọ̀bẹ hàn, èékánná hàn. Ike pupa tó wà nígun apá òsì ló ń fa ojú mi kúrò lára ọwọ́ wọn. Ká ní o yí kámẹ́rà sápá ọ̀tún díẹ̀, ike yẹn ì bá ti bọ́ síta.

Ti èbúté ńkọ́? Ọ̀sà dà sápá kan. Tan àwọn ìlà tó máa ń pín ojú kámẹ́rà fóònù sí mẹ́sàn-án, kó o fi wọ́n wo ibi tí omi ti pàdé sánmà, kó lè gún. Sánmà náà sì funfun jù. Fi ìka tẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù lójú fóònù kó o tó yà á, ìmọ́lẹ̀ á wálẹ̀. Ibi tó bá ti funfun báláú, kò sí àtúnṣe tó lè dá ohun tó wà níbẹ̀ padà.

Ti bàbá tó ń ju àwọ̀n ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kámẹ́rà ńlá sọ pé àwòrán náà kò mọ́ kedere, pé kó o jẹ́ kí kámẹ́rà yára sí i. Òótọ́ ló sọ. Ìwọ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: oòrùn ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń mì, èrò pọ̀. Bó ṣe dákẹ́ nìyẹn, o ò sì ní mọ ohun kejì tó fẹ́ sọ láéláé. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ nípa fọ́tò rẹ, jẹ́ kó parí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó o bá délé lo máa yan èyí tó o fẹ́ lò.

Mo gbé fọ́tò yẹn lọ fún apẹja kan ní èbúté. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó ti pẹ́ jù. Òjé ti kan omi." Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ òfìfo ṣe é fún mi: okùn wà lọ́rùn ọwọ́, ìbàdí á kọ́kọ́ yí, lẹ́yìn náà ni àwọ̀n á là róbótó lójú afẹ́fẹ́, kí òjé etí ẹ̀ tó balẹ̀. Ìbàdí ni kó o máa wò, má wo àwọ̀n. Tí ìbàdí bá ti yí, tẹ̀ ẹ́! Èmi ò mọ ìyẹn, ọ̀rẹ́ rẹ náà ò mọ̀ ọ́n.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí. A máa ń fi fọ́tò etí omi han gbogbo ayé, ẹni tó wà nínú ẹ̀ nìkan la kì í bi.

Dín iye tí ò ń yà kù, jọ̀ọ́. Bàbá Akinbode Akinbiyi, tí wọ́n ti ya fọ́tò etíkun Bar Beach l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, fíìmù kan tí wọ́n ń lò nínú kámẹ́rà Rolleiflex wọn, àwòrán 12 péré ló ń gbà. Ìwọ ya bàbá kan ṣoṣo ní àyàtúnyà, o wá ní kí n bá ọ ṣà á.

Tẹ fọ́tò ìyá ẹlẹ́ja yẹn sórí ìwé, kó o gbé e lọ fún wọn lọ́jà kí oníbàárà tó pọ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn kó o tó mú un jáde. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Bí wọ́n bá ní àwọn ò fẹ́ kó o fi han ẹnikẹ́ni, gbé e kúrò níta lọ́jọ́ náà. Bí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀, fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ