Àkànní, bi wọ́n léèrè ohun tó ń lé wọn

Àkànní, ọmọ mi,

Mo ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ pé àwọn méjì tí ẹ jọ ń gbé yàrá ń lo tramadol, oògùn apàrora, kí oorun má baà kùn wọ́n nígbà ìdánwò. O ṣeun tí o sọ fún mi.

Wọ́n á ní ẹgbẹ́ burúkú ló fà á. Ẹgbẹ́ wà ńbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń wá béèrè "225", ìyẹn tramadol oní mílígíráàmù 225 tí NAFDAC kò fọwọ́ sí, kì í sábà jẹ́ aláfẹ́. Ọ̀kan ń ru búlọ́ọ̀kù látàárọ̀, ara ń ro ó. Bàbá òmíràn ti lé e jáde nílé. Òmíràn ṣe àgùnbánirọ̀ tán, kò ríṣẹ́. Oògùn náà á gba ìnira yẹn kúrò fún wákàtí díẹ̀. Tó bá yá, iye tó ń lò kò ní tó mọ́. Bí kò bá sì lò ó, òógùn á bò ó, oorun ò ní kùn ún. Kì í ṣe ìgbádùn ló ń wá mọ́ nígbà yẹn, kí ara rẹ̀ ṣáà balẹ̀ ni. Ó ti di bárakú nìyẹn.

Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni heroin di bárakú fún ní Vietnam. Nígbà tí Lee Robins, olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, tọpa àwọn tó darí sílé ní 1971, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò padà sídìí rẹ̀. Ogun ti kúrò lọ́rùn wọn, wọ́n sì ti wà láàárín èèyàn wọn.

Nítorí náà, má pe àwọn ọmọ yẹn ní ọmọ burúkú. Bá wọn jẹun, bi wọ́n léèrè ohun tó ń lé wọn. Ṣùgbọ́n má bá wọn lò ó, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó lè fa gìrì. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tó ń gbọ̀n, tàbí tí kò ṣeé jí, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ ohun tó lò.

Àkànní, láti ìgbà tí a ti sin bàbá rẹ ni o ti ń di gbogbo nǹkan mọ́nú. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Máa pè mí, kódà lóru. Bí o bá sì ti ń lò ó, má dá nìkan dá a dúró lójijì. Wálé, ká jọ lọ sí ilé ìwòsàn Arò. N kò ní pariwo lé ọ lórí.

Ìyá rẹ