Ọ̀rẹ́ mi, tòmátì ti pọ̀ l'Ékòó o

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Òtútù Kánádà ń kọ́, àwọn ọmọ ń kọ́? Àwa wà ní Yábàá ńbí, a dúpẹ́. O ṣáà mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ló gbé mi dé.

Písà ni. Èyí tí wọ́n ń tà káàkiri níbí, wọ́n á kó sọ́séèjì lé e, wọ́n á kó àgbàdo inú agolo lé e, wọ́n á wá da ṣíìsì bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀, o ò ní mọ ohun tí ò ń jẹ mọ́. Ní Naples, lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì, fúláwà, omi, iyọ̀ àti yíìsì ni wọ́n ń pò, tòmátì, ṣíìsì àti ewé basil díẹ̀ lórí ẹ̀, ó parí! Iṣẹ́ ọwọ́ wọn yẹn náà ni UNESCO kà mọ́ ogún aráyé ní 2017. Ààrò onígi tó gbóná tó nǹkan bí 480°C ni wọ́n ń lò, ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó ti jinná.

Ófùnù gáàsì tèmi ò lè gbóná débẹ̀, torí náà páànù onírin tó wúwo ni mo kọ́kọ́ máa ń gbé kaná kó gbóná janjan, kí n tó tẹ́ fúláwà sínú ẹ̀ kí n wá tì í sínú ófùnù. Alẹ́ àná ẹ̀ ni màá ti pò ó, yíìsì bíńtín, kó sun inú fíríìjì mọ́jú, ibẹ̀ ni adùn ẹ̀ ti ń wá.

Ṣùgbọ́n tòmátì gan-an lọ̀rọ̀ wà, ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀gbẹlẹ̀ la wà yìí, ọkọ̀ ń já a látòkè Ọya sí Mile 12, àwọn gígùn tó lẹ́ran lára tí ò lómi púpọ̀, pupa fòò, mi ò kì í sè é rárá, màá kàn fọwọ́ fọ́ ọ, màá bu iyọ̀ sí i. Tójò bá dé, apẹ̀rẹ̀ kan á wọ́n bí ojú, adùn ẹ̀ gan-an á sì ti dín kù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé àsìkò yìí gan-an ni ká jẹ písà l'Ékòó. Efinrin ẹ̀yìnkùlé ni mo fi ń rọ́pò basil, ẹbí kan náà ni wọ́n, àmọ́ efinrin le jàre, ewé méjì mẹ́ta ti tó. Mo tún máa ń rún wàrà àwọn Fúlàní sí i, kì í yọ́ o, àmọ́ tíná bá mú orí ẹ̀ díẹ̀, háà!

Ká jẹun tán ká wá kó àgbálùmọ̀ síwájú! Èyí tó já fúnra ẹ̀ ni kóo máa bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á, èyí tí wọ́n fipá ká, kíkan ló máa ń kan. Máńgòrò náà ò ní pẹ́ jáde.

Tóo bá fẹ́ wálé, jẹ́ kó bọ́ sáàárín January sí March, jọ̀ọ́. Èso wo ló wà lọ́jà yín báyìí? Kọ̀wé sí mi, má fi pẹ́.

Èmi ọ̀rẹ́ ẹ ní Yábàá