Kí wọ́n tó kọ orúkọ sára táǹkì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lórí àwọn olóyè àti olóṣèlú tó ń fi kànga ẹ̀rọ ta ìlú wọn lọ́rẹ, èrò mi ni pé owó àtúnṣe ló yẹ kó ṣáájú orúkọ ara táǹkì.

Ilẹ̀ olókùúta ni Èkìtì àti Òkè-Ògùn. Kànga tí wọ́n gbẹ́ níbẹ̀ lákòókò òjò máa ń tan ni jẹ. Tó bá fi máa di oṣù kejì ọdún, omi ti lọ sílẹ̀ ju ibi tí wọ́n so páǹpù sí lọ, páǹpù tó bá sì ń yí láìrí omi fà, jíjóná ló máa jóná. Ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ. Kí wọ́n fa omi rẹ̀ fún wákàtí 24 láìdúró kí wọ́n tó yan páǹpù, kí kànga náà sì fi mítà 30, ó kéré tán, jìnnà sí ṣáláńgá.

Ti jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé páǹpù ṣiṣẹ́ ńkọ́? Ta ni yóò máa ra epo lẹ́yìn tí àwọn onílù ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ bá ti lọ? Sólà sàn jù, àmọ́ kí aráàlú máa san owó táṣẹ́rẹ́ lórí kéègì kọ̀ọ̀kan, kí owó àtúnṣe yìí sì wà lọ́wọ́ àwọn ìyálọ́jà.

Oníṣẹ́ kànga,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì.