Ọjọ́ tí òtútù mú un ni wọn kò fi hàn wá

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín láti Ìjerò-Èkìtì lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí This Is It, fíìmù tí wọ́n fi ìdánrawò ìkẹyìn Michael Jackson ṣe. Ọ̀gbẹ́ni náà ní ọbẹ̀ tí kò jinná ni wọ́n bù fún aráyé jẹ, pé òkú ni wọ́n fi ń ṣòwò. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo sì bínú díẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi fíìmù yẹn kọ́ àwọn akọrin mi ní Ajílòsùn, l'Adó níbí.

Ti owó, mi ò jiyàn. Ó lé ní 260 mílíọ̀nù dọ́là tó wọlé kárí ayé. Ọjọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 2009 ni ọkùnrin náà kú, nígbà tó máa fi di ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá, fíìmù ti dé ilé sinimá. Oṣù mẹ́rin! Nílé wa, ẹlòmíì kò tíì san gbèsè ìnáwó òkú tán láàárín oṣù mẹ́rin.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yẹn, ẹnu ẹni tó ń sè é gan-an ló ti kọ́kọ́ jáde. Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí mo máa ń dá padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Michael Bearden, tó jẹ́ olórí àwọn onílù àti onígìtá, wà nídìí kíìbọ́ọ̀dù. Michael Jackson fẹ́ kí orin kan bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, ó ní kó dà bí ẹni tó ń wọ́ ara rẹ̀ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Bearden tẹ̀ ẹ́. Jackson ní rárá, ó yá jù, kò jẹ́ kó rọra máa hó lórí iná. Wọ́n tún un ṣe. Kò sí nǹkan kan tó yàtọ̀ sí i ju pé àlàfo díẹ̀ wà láàárín ìró kan àti èkejì, àmọ́ àlàfo yẹn ni gbogbo orin náà. Ẹ wá wo àwọn ọmọ tèmi: kí wọ́n dákẹ́ fún ìwọ̀n ìlù méjì péré, ẹnìkan á ti wúkọ́.

Ohun tí mo ní kí ọ̀gbẹ́ni Ìjerò wò nìyẹn. Ẹni tó ni ọbẹ̀ mọ̀ pé kò tíì jinná, ìdí tó fi wà nídìí ààrò nìyẹn.

Ibòmíì tún wà tí ohun tí wọ́n kì bọ Jackson létí láti fi gbọ́ orin ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń ti ẹ̀ṣẹ́ bọ òun létí. Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní ìfẹ́ lòun fi ń sọ ọ́, ó tún ń sípẹ́lì ìfẹ́ náà fún wọn. Èmi tí mo ti fi ìwé orin lu tábìlì títí èèpo rẹ̀ fi ya! Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbà tí òun àti Judith Hill, obìnrin akọrin tó ń gbè é lẹ́sẹ̀, jọ ń kọrin, tí orí rẹ̀ wú, tó gbé ohùn sókè pátápátá, tí àwọn oníjó ń hó yèè nísàlẹ̀ pèpéle. Bó ṣe parí báyìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé òun kò yẹ kí òun lo ohùn bẹ́ẹ̀, òun ń tọ́jú rẹ̀ ni. Àwọn tẹ́nọ̀ mi kò fẹ́ràn ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń fi Ọjọ́bọ̀ pariwo, tí Ọjọ́ Àìkú á dé, tí ohùn á ti há.

Ẹ̀sùn tèmi yàtọ̀ sí ti ọ̀gbẹ́ni Ìjerò. Ohun tí fíìmù náà fi pamọ́ ló ń dùn mí. Wọ́n ti ta tíkẹ́ẹ̀tì pé ìgbà 50 ni Michael yóò kọrin ní O2 Arena, gbọ̀ngàn ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 13 oṣù keje, ọmọ ọdún 50 lòun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ẹjọ́ dókítà rẹ̀ dé kóòtù ní Los Angeles lọ́dún 2011, Kenny Ortega, ẹni tó darí fíìmù yìí gan-an, jẹ́rìí pé ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà ọdún 2009, Michael dé ibi ìdánrawò, òtútù mú un, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara. Ó ní àwọn fi aṣọ bò ó, àwọn fún un lóúnjẹ, àwọn fọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà àwọn ní kó máa lọ ilé. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ó kú. Wọ́n dá dókítà náà lẹ́bi, torí oògùn akunnilóorun tó ń fún un. Ó lé ní wákàtí 100 tí wọ́n yà sílẹ̀ nínú ìdánrawò náà, fíìmù kò pé wákàtí méjì, kò sì sí ìṣẹ́jú kan tí wọ́n fi sọ ti ọjọ́ yẹn fún wa. Bí wọn kò bá fẹ́ fi àwòrán aláìsàn hàn, mo gbà. Ṣé wọn kò lè kọ gbólóhùn kan sí i?

Ọmọbìnrin kan wà nínú àwọn sòpránò mi. Lóṣù tó kọjá, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń múra orin ìkórè. Ohùn rẹ̀ já níbi tó ga jù, ó sì já burúkú. Àtìgbà náà ló ti ń bẹ̀ mí pé, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ibẹ̀ rẹ́." Mi ò tíì pa á rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń bá ibẹ̀ jà, gbogbo rẹ̀ ló sì wà lórí fóònù yẹn.

Kí ọ̀gbẹ́ni Ìjerò máà bínú sí mi. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ la máa ń pàdé, a ó sì tún wo fíìmù náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀, kí wọ́n ra lítà epo méjì dání, torí iná kì í dúró níbí, jẹnẹrétọ̀ wa sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọ̀gá akọrin kan,
Ajílòsùn, Adó-Èkìtì