Ẹ sọ bí òkè Colorado ṣe ga tó fún wọn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn èèyàn wa ní Houston àti Atlanta ń kó ọmọ lọ wo òkè San Juan ní Colorado, àwòrán yìnyín sì ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílé. Ẹnikẹ́ni kì í sọ bí ibẹ̀ ṣe ga tó. Silverton, ìlú àwọn awakùsà àtijọ́, ga tó mítà 2,840. Chappal Waddi, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, kò ju 2,419 lọ.

Kí ẹ tó sanwó ọkọ̀, ẹ bèèrè jínótáìpù kálukú. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ì báà jẹ́ SS tàbí SC, kò gbọdọ̀ gòkè yẹn láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i. Kí AS náà má fọwọ́ sọ́yà. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ tó ń bọ̀ láìsí wàhálà, àmọ́ atẹ́gùn tó fẹ́lẹ́ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ há sínú spleen, ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ ìhà òsì. Bí irora bá ń gún ẹnì kan lábẹ́ ìhà òsì, tó sì ń bì, ẹ má ṣe fún un ní Panadol kí ẹ máa wò ó níran. Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀ kíá, kí ẹ sì dárúkọ jínótáìpù rẹ̀ fún dókítà, torí ó lè má kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn.

Ẹ sun oorun méjì ní ìlú Durango (mítà 1,985) kí ara lè mọ́ ọn. Láti ibẹ̀ ẹ lè lọ wo Mesa Verde, ọgbà ìjọba àpapọ̀ láti 1906, níbi tí àwọn Pueblo ìgbàanì kọ́lé sábẹ́ àpáta. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ẹ ti máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Àkàbà Balcony House, ọ̀kan nínú àwọn ilé abẹ́ àpáta náà, tó mítà 10. Màmá àgbà lè jókòó dè yín.

Ọ̀nà US 550 ló gba Silverton lọ sí ìlú Ouray, ó sì gun Red Mountain Pass, mítà 3,358. Ọ̀pọ̀ ibi létí ọ̀gbun ni kò ní irin ààbò, torí ibẹ̀ ni katakata ń ti yìnyín dà sí. Ẹni tí òòyì ń kọ́, kó ti Silverton lọ sí Ouray: ara òkè ni ọkọ̀ rẹ̀ máa fẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ti Ouray bọ̀ ló ń rìn létí ọ̀gbun. Tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, jíà kékeré ni kẹ́ ẹ lò. Bíréèkì tí wọ́n ń tẹ̀ ṣáá á gbóná, á máa rùn bí ohun tó ń jóná, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ kọjá. Ní Júláì àti Ọ́gọ́ọ̀sì, ààrá sábà máa ń sán lẹ́yìn ọ̀sán.

Ní 1893, ìjọba Amẹ́ríkà dẹ́kun ríra fàdákà bíi ti tẹ́lẹ̀, owó rẹ̀ já wálẹ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ihò kùsà tì. Ẹ má wọ ọ̀kankan. Igi tó gbé àjà rẹ̀ ró ti jẹrà, afẹ́fẹ́ tó lè pani níbẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo rùn. Ẹni tó fẹ́ rí inú ihò, kó sanwó fún afinimọ̀nà ní Old Hundred, ihò kùsà àtijọ́ kan nítòsí Silverton, kó sì mú kóòtù dání. Odò tó pọ́n bí irin tó dípẹtà kì í ṣe mímu. Asẹ́ àwọn apàgọ́ ń sẹ́ kòkòrò ni, kì í sẹ́ irin tó ti yòrò sínú omi.

Ní ti ẹ̀wà, nǹkan bí 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni omi ti ń hó ní Silverton. Ẹ koná mọ́ ọn títí, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀. Pressure pot ló lè tètè se é jinná. Láìsí i, ìrẹsì ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ sì fomi kún un.

Òǹkàwé yín,
Denver, Colorado